Dúrọ́ọ̀mù Bíréèkì Tí Ó Há: Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́ Lára Ẹsẹ̀ Tírélà Láì Fọ́ Ọ



Nígbà tí òjò bá dá, tí ọ̀nà oko sì gbẹ, tí ẹgbẹ́ bá lọ fa tírélà jáde lábẹ́ igi tí ó ti wà láti ìgbà òjò, a sábà máa ń rí i pé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò yí. Katakata yóò fà á, táyà yóò sì máa wọ́ nílẹ̀ bí ìtì igi. Bí a bá tú ẹsẹ̀ náà, a óò rí i pé dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ni ó há, ọwọ́ lásán kò sì lè fà á jáde. Níbẹ̀ ni ẹnì kan yóò ti sọ pé kí wọ́n lọ gbé òòlù ńlá wá.

A kọ ìwé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ dá òòlù náà dúró ná. Dúrọ́ọ̀mù kì í há lásán. Ohun kan ni ó dì í mú. Bí ẹ bá mọ ohun náà, agbára díẹ̀ ni ẹ óò lò. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè fọ́ irin tí kì í ṣe gbogbo ọjà ni a ti ń rí i rà. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KÀN YÍN

Ẹ̀gẹ́ tí a ti fà tu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 3, inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àwọn tí ń ṣe gàrí kò sì ní fẹ́ rà á mọ́. Bákan náà ni ẹyin ọ̀pẹ tí ó ti pọ́n, tí ó sì ti fara pa: bí ó bá ti ń pẹ́ sí i kí a tó sè é, bẹ́ẹ̀ ni epo rẹ̀ yóò máa kan sí i. Nítorí náà, ọjọ́ tí tírélà bá fi jókòó, owó ẹgbẹ́ ni ó ń jẹrà.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó ju àdánù yìí lọ. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù bá há, tí ọjà sì ń kánjú, àwọn kan a máa tú gbogbo ohun tí ó wà nínú bíréèkì dànù, wọn a sì máa lo tírélà náà láìní bíréèkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Ọ̀pọ̀ nínú katakata tí àwọn àgbẹ̀ wa ń lò kò wúwo ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 lọ. Tírélà tí ó ru ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 5 wúwo ju ohun tí ń fà á lọ. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ lè má mọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, irú èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìdànrè, àti ní Òkè-Ògùn, ẹrù náà ni yóò máa ti katakata lẹ́yìn, yóò sì gbé e yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Awakọ̀ àti àwọn tí ó jókòó lórí ẹrù ni yóò fara gbá a. Bíréèkì tírélà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìjánu ẹrù yín ni.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ DÚRỌ́Ọ̀MÙ

Dúrọ́ọ̀mù jẹ́ irin rìbìtì tí ó dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé. Irin tí a yọ́, tí a sì dà sínú àpẹẹrẹ rẹ̀, ni a fi ṣe é. Irú irin bẹ́ẹ̀ le, kì í sì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀: bí a bá lù ú ní etí, yóò sán bí àwo amọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nínú dúrọ́ọ̀mù ni irin méjì wà tí ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n ní ṣúù. A lẹ ohun líle kan mọ́ wọn lẹ́yìn, èyí tí a ń pè ní láínìn. Nígbà tí a bá fa hánbíréèkì, tàbí tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ṣúù méjèèjì yóò ṣí sí ìta, láínìn yóò sì fara ti inú dúrọ́ọ̀mù títí ẹsẹ̀ yóò fi dúró. Nígbà tí a bá tú u sílẹ̀, sípíríǹgì yóò fà wọ́n padà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àwo irin pẹrẹsẹ kan wà tí ó di àwọn ṣúù mú. Lára àwo yìí ni a ti ń rí àjọ́sítà, èyíinì ni irin kékeré tí a fi ń fún ṣúù tàbí tí a fi ń dẹ̀ ẹ́.

Oríṣi dúrọ́ọ̀mù méjì ni ẹ óò bá pàdé, ó sì yẹ kí ẹ dá wọn mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èkíní ni èyí tí ó dá dúró. Ó kàn wọ orí họ́ọ̀bù ni, èyíinì ni irin àárín tí bíárìn wà nínú rẹ̀, tí àwọn bóòtù ẹsẹ̀ sì yọrí láti ara rẹ̀. Ẹ óò rí ìlà rìbìtì níbi tí dúrọ́ọ̀mù àti họ́ọ̀bù ti pàdé. Ó sì lè ní sukúrúù kékeré kan tàbí méjì tí ó dì í mọ́ họ́ọ̀bù.

Èkejì ni èyí tí dúrọ́ọ̀mù àti họ́ọ̀bù jẹ́ irin kan ṣoṣo. Kò sí ìlà kankan láàárín wọn. Kò sí bí a ṣe lè yọ irú èyí láì tú nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà ní àárín, lábẹ́ ìdérí gíríìsì. Ọ̀pọ̀ òòlù ni a ti lò lásán lórí dúrọ́ọ̀mù tí nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ ṣì wà ní ìdè.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó LÈ DÌ Í MÚ

1. Sukúrúù tí a gbàgbé. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ lè bò ó títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú dúrọ́ọ̀mù dáadáa kí ẹ tó sọ pé kò ní sukúrúù.

2. Ìpẹtà láàárín dúrọ́ọ̀mù àti họ́ọ̀bù. Níbi tí ihò àárín dúrọ́ọ̀mù ti fún mọ́ họ́ọ̀bù, omi òjò máa ń wọ ibẹ̀, ìpẹtà á sì so méjèèjì pọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lè máa yí dáadáa, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù kò ní jáde bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

3. Ṣúù tí ó lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lára tírélà tí a gbé kalẹ̀ fún ìgbà òjò tí a sì fa hánbíréèkì rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kò ní yí rárá, bí a tilẹ̀ ti tú hánbíréèkì sílẹ̀.

4. Etí tí ó yọ nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí láínìn bá ti ń ha inú dúrọ́ọ̀mù fún ọdún púpọ̀, yóò gbẹ́ kòtò síbẹ̀, etí irin tí láínìn kò kàn yóò sì yọ sókè. Ṣúù yóò wá wà nínú kòtò yìí, etí náà yóò sì máa kọ́ ọ. Àmì rẹ̀ ni pé dúrọ́ọ̀mù á jáde díẹ̀, bí ìwọ̀n èékánná, á sì dúró gbọn-in bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú láti inú.

5. Bíárìn tí ó ti bàjẹ́ tí ó sì gan mọ́ ọ̀pá ásìlì. Èyí kan dúrọ́ọ̀mù oríṣi kejì. Kí ó tó há, yóò ti máa dún kùrùkùrù lójú ọ̀nà, họ́ọ̀bù rẹ̀ yóò sì máa gbóná.

Ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀, ẹ fa dúrọ́ọ̀mù, ẹ tẹ́tí sí ohun tí ó ń dún, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń mì. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 5 yìí ni yóò sọ irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú yín.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Ẹ wá jáàkì tí ó lè gbé ẹrù ọkọ̀ náà, ìtì igi líle méjì tàbí ìdúró onírin, wẹ́ẹ̀jì igi mẹ́rin, àwọn sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì mu, sukudiráfà ńlá, òòlù àárín kan, pákó líle kékeré kan, búrọ́ọ̀ṣì onírin, epo tí ń tú ìpẹtà, korobá omi kan, ọṣẹ díẹ̀, àti àkísà. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní púlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dára. Bí kò bá ní, ẹ lè yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ ra kọ́tàpíìnì tuntun àti ọ́ọ̀lì síìlì tuntun sílẹ̀ bí dúrọ́ọ̀mù yín bá jẹ́ oríṣi kejì.

KÍ Ọ̀KỌ̀ MÁ BAÀ WÓ LU YÍN

Ẹ já gbogbo ẹrù kúrò lórí tírélà. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le. Kì í ṣe orí ebè, kì í ṣe orí yanrìn. Ẹ jẹ́ kí katakata wà lára rẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fa hánbíréèkì katakata. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há ẹsẹ̀ òdìkejì níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ dẹ̀ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi jáàkì gbé ọ̀pá ásìlì sókè, kí ẹ sì fi ìtì igi tàbí ìdúró onírin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sórí ìtì yìí. Jáàkì wà fún gbígbé sókè. Kò sí fún dídúró tì. Ẹ má ṣe to búlọ́ọ̀kù simẹ́ǹtì sábẹ́ ọkọ̀, nítorí ó lè fọ́ lójijì láìsí ìkìlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ tírélà, kí àwọn ọmọdé sì kúrò nítòsí.

IṢẸ́ GAN-AN

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ tú hánbíréèkì tírélà sílẹ̀ pátápátá. Bí wáyà rẹ̀ bá ṣì fà le, ẹ dẹ̀ ẹ́ láti ibi nọ́ọ̀tì rẹ̀. Wáyà tí ó ti dípẹtà nínú rọ́bà rẹ̀ lè máa fa ṣúù bí ọwọ́ hánbíréèkì tilẹ̀ ti wá sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá àjọ́sítà lẹ́yìn àwo irin. Lára àwọn kan, orí irin onígun mẹ́rin ni ó yọ síta. Lára àwọn mìíràn, ihò kékeré tí a fi rọ́bà dí ni ẹ óò rí, tí a ti ń fi sukudiráfà yí irin eléyín inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ta epo sí i. Ẹ yí i sí ọ̀nà tí yóò dẹ ṣúù. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà tí ó jẹ́, ẹ lọ yí ti ẹsẹ̀ kejì tí kò há, kí ẹ sì wo ọ̀nà tí ó mú kí ẹsẹ̀ náà túbọ̀ fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ etí tí ó yọ nínú dúrọ́ọ̀mù ni ó fa wàhálà náà, ìgbésẹ̀ yìí nìkan lè parí iṣẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ó bá ní sukúrúù, ẹ tú u. Bí sukúrúù náà bá kọ̀, ẹ gbé sukudiráfà lé e, kí ẹ fi òòlù lu ìdí sukudiráfà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó yí i. Ìlù yìí máa ń já ìpẹtà inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù oríṣi kejì, ẹ yọ ìdérí gíríìsì, ẹ na kọ́tàpíìnì kí ẹ sì fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín, kí ẹ sì kó wáṣà àti bíárìn ìta sórí aṣọ mímọ́. Iyanrìn díẹ̀ tó láti ba bíárìn jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ta epo tí ń tú ìpẹtà sí ìlà àárín, yí ìdí bóòtù ẹsẹ̀ ká, àti sí ihò sukúrúù. Ẹ má ṣe tú u dà gbàrà; epo tí ó bá wọ inú lọ bá láínìn yóò sọ bíréèkì yín di aláìlágbára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Wákàtí kan dára, òru mọ́jú dára jù ú lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kánjú, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti ń rọrùn. Ẹ ta epo ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ padà wá ní òwúrọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé pákó líle lé ojú dúrọ́ọ̀mù, níbi pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín bóòtù kan sí èkejì, kí ẹ sì fi òòlù kàn án. Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún kàn án. Ìlù tí ó mọ níwọ̀n tí ó sì yí ká ni ó ń já ìpẹtà. Ìlù ńlá lójú kan náà kò ṣe é. Ẹ má ṣe lu etí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń sán. Ẹ má sì ṣe lu orí bóòtù tàbí orí ọ̀pá àárín, kí ìdè wọn má baà wó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wo ojú dúrọ́ọ̀mù bóyá ó ní ihò méjì tí ó ní ìdè nínú, tí kò sí ohunkóhun nínú wọn. Ẹni tí ó ṣe dúrọ́ọ̀mù ni ó dá ihò náà sí fún irú ọjọ́ báyìí. Ẹ fi bóòtù tí ó bá wọn mu sí i, kí ẹ sì máa fún wọn ní ìdajì ìyípo, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì. Wọn yóò ti họ́ọ̀bù, dúrọ́ọ̀mù yóò sì máa jáde fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá le, ẹ má ṣe fi agbára fún wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ dá wọn dúró ní lílekoko, kí ẹ tún fi òòlù àti pákó kan ojú dúrọ́ọ̀mù yí ká.

Fún ṣúù tí ó lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù, kíkàn tí ẹ kan dúrọ́ọ̀mù yí ká yìí sábà máa ń tó. Bí kò bá tó, ẹ dá ẹsẹ̀ padà sórí rẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì mẹ́ta, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ méjèèjì mi táyà síwájú àti sẹ́yìn. Táyà fún yín ní ọwọ́ gígùn tí dúrọ́ọ̀mù nìkan kò lè fún yín. Ẹ óò gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka igi ṣẹ́. Ṣúù ti jábọ́ nìyẹn.

BÍ Ó BÁ KỌ̀ SÍBẸ̀

Ẹ lo púlà. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ní ọgbọọgba, kí ẹ sì fi irin àárín rẹ̀ ti orí ọ̀pá. Fún dúrọ́ọ̀mù oríṣi kejì, ẹ dá nọ́ọ̀tì àárín padà títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú orí ọ̀pá. Yóò dáàbò bo ìdè ọ̀pá, yóò sì dá dúrọ́ọ̀mù dúró bí ó bá fò jáde lójijì. Ẹ fún púlà títí yóò fi le, ẹ lu orí irin àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi, kí ẹ sì tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú púlà tí a ti fún le.

Iná jẹ́ ohun tí a ń lò kẹ́yìn, fún oríṣi kìíní nìkan, ọwọ́ wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó wà. Dúrọ́ọ̀mù ni a ń mú gbóná, yí ihò àárín rẹ̀ ká, kì í ṣe họ́ọ̀bù. Irin tí ó gbóná máa ń fẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá fẹ̀ kí họ́ọ̀bù tó gbóná, ìpẹtà àárín wọn yóò já. Kò gbọdọ̀ pọ́n. Ẹ gbé táyà jìnnà, nítorí táyà tí ó ní afẹ́fẹ́ nínú tí iná sì kàn lè bẹ́, kí ó sì pa ènìyàn. Ẹ nu epo tí ẹ ta kúrò kí iná tó dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí dúrọ́ọ̀mù gbígbóná, yóò sán. Lẹ́yìn iná, ẹ pààrọ̀ ọ́ọ̀lì síìlì, kí ẹ sì kó gíríìsì tuntun sínú họ́ọ̀bù.

Bí ó bá jẹ́ pé etí inú dúrọ́ọ̀mù ni ó kọ́ ṣúù, tí àjọ́sítà sì ti gan, ọ̀nà kan ṣì kù. Lẹ́yìn àwo irin, ẹ óò rí orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí ìṣó: àwọn ni ó di ṣúù mọ́ àwo. Ẹ gé orí wọn, dúrọ́ọ̀mù yóò sì gbé ṣúù jáde pọ̀. Ẹ óò ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti sípíríǹgì tuntun, ṣùgbọ́n owó wọn kò tó ti dúrọ́ọ̀mù.

ẸRUKU INÚ RẸ̀ LÈ PANI

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ láínìn àtijọ́ ni a fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, irú tírélà àlòkù tí a sì ń rà láti òkè òkun lè ṣì ní in. Ẹruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun tú bíréèkì rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de lílò rẹ̀ pátápátá ní ọdún 1999. Ojú lásán kò lè sọ láínìn tí ó ní in àti èyí tí kò ní in. Nítorí náà ẹ ka gbogbo wọn sí ewu.

Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹruku náà, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ pò omi àti ọṣẹ, ẹ rọra da á sí i kí ó tutù, kí ẹ sì fi àkísà tútù nù ún. Ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Ẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí aṣọ tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ má sì ṣe bá aṣọ ọmọ wọ inú omi kan náà.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ YẸ̀ WÒ KÍ Ẹ TÓ TÒ Ó PADÀ

Dúrọ́ọ̀mù: bí ó bá sán, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má ṣe fún wẹ́dà kí ó jó o, nítorí ojú jíjó náà kò ní lè fara da agbára bíréèkì. Ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀mù ni a kọ ìwọ̀n tí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ kọjá sí lára. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì wà nínú ìwọ̀n náà, ẹ fi fáìlì rẹ etí tí ó yọ sílẹ̀.

Láínìn: bí ó bá ti fẹ́lẹ́ títí irin fi fẹ́ yọ, tàbí bí epo tàbí gíríìsì bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí tírélà má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Sìlíńdà: bí bíréèkì yín bá ń lo epo, ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bíréèkì nígbà tí dúrọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, nítorí ohun inú sìlíńdà yóò fò jáde.

Bíárìn: ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá ń ha, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ́, ẹ ra òmíràn. Ẹ fi ọwọ́ ki gíríìsì tuntun bọ inú rẹ̀ dáadáa.

TÍTÒ PADÀ

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà fọ ìpẹtà kúrò ní ojú họ́ọ̀bù àti nínú ihò àárín dúrọ́ọ̀mù. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni fi òrí pa ara ọmọ, pa ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ kíyè sí i pé gíríìsì kò gbọdọ̀ dé inú dúrọ́ọ̀mù níbi tí láínìn ń kàn.

Fún oríṣi kejì, ẹ máa fi ọwọ́ kan yí họ́ọ̀bù bí ẹ ti ń fi ọwọ́ kejì fún nọ́ọ̀tì àárín. Nígbà tí họ́ọ̀bù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì padà díẹ̀ títí ihò kọ́tàpíìnì yóò fi bá ara mu. Họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ mì. Ẹ fi kọ́tàpíìnì tuntun sí i. Èyí tí a ti tẹ̀ tí a sì ti nà lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò sì bọ́.

Ẹ fún àjọ́sítà títí dúrọ́ọ̀mù kò fi ní yí mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi yí láìsí ìdíwọ́. Ẹ tún fa wáyà hánbíréèkì sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ dá ẹsẹ̀ padà. Kí ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní òdìkejì sí òdìkejì, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn yí ká. Ẹ wa tírélà lófìfo, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá dúró, ẹ sún ọwọ́ mọ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ gidigidi, ṣúù rẹ̀ ṣì ń ha. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

BÍ KÒ ṢE NÍ HÁ MỌ́

Ẹ má ṣe fi hánbíréèkì sílẹ̀ ní fífà lára tírélà tí ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tú hánbíréèkì sílẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo yìí yóò gbà yín lọ́wọ́ ìyọnu tí ó wọ́pọ̀ jù lọ.

Ẹ gbé tírélà sí abẹ́ òrùlé nígbà òjò bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, ẹ máa fà á síwájú sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ṣúù má baà ráyè lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Tírélà tí ẹ fi ru ajílẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ fọ̀ ní ọjọ́ kan náà, nítorí ajílẹ̀ náà dà bí iyọ̀ lára irin. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ wà á díẹ̀ kí ẹ sì máa tẹ bíréèkì, kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yan ọjọ́ kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò máa yọ dúrọ́ọ̀mù gbogbo tírélà wọn. Dúrọ́ọ̀mù tí a ń yọ lọ́dọọdún kì í há. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ náà àti ohun tí a pààrọ̀ sínú ìwé.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, tí dúrọ́ọ̀mù ṣì kọ̀, ẹ má ṣe tijú láti pe mẹkáníìkì. Kí ẹ sì sọ fún un ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tí ẹ rí, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ohunkóhun nínú ìwé yìí bá rú yín lójú, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní àdúgbò yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ràn yín lọ́wọ́, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Ire oko o. Kí ẹrù yín máa gúnlẹ̀ láyọ̀.